Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Gáḿbíà ni mo wà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣọdún nílẹ̀ onílẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà_ÀgọÌwòyè:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ. Oṣù keje mi rèé ní Brikama ní Gáḿbíà, mo wà lára àwọn tí ìjọba wa ń rán jáde lábẹ́ ètò Technical Aid Corps yẹn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ọdún méjì ni wọ́n fi ń ránni, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Iṣẹ́ ò burú. Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé Iléyá ti dé tán, Tobaski ni wọ́n ń pè é níbí, àgbò ti kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì, bàbá onílé mi sì ti sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn ni mo ti máa ṣọdún, mi ò gbọdọ̀ dáná. Mo ní ẹ ṣé. Ìgbà tí mo wọ yàrá tán ni mo wá jókòó tí mo ń rò ó, kí ni mo fẹ́ mú lọ́wọ́ lọ? Ṣé kí n ra àgbò ni? Owó tí wọ́n ń fún wa kì í ṣe owó àgbò o. Aṣọ wo ni mo máa wọ̀? Onígbàgbọ́ ni mí, nílé ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan, ta ló ń bi èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ kó tó gbé ẹran Iléyá fún un, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ nibí.

Èkejì, èyí tí ojú ń tì mí láti sọ, inú mi bàjẹ́. Láti kékeré mi ò pa Ojúde Ọba jẹ rí. Ẹgbẹ́ mi ti dá aṣọ, wọ́n ń gbé fọ́tò gèlè sórí WhatsApp láràárọ̀, díẹ̀ ló kù kí n kúrò nínú gúrúùpù yẹn lánàá. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?


Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù:

Àbúrò, má bínú pé mo ń pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àkọ́bí mi á jù ẹ́ lọ. Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Gáḿbíà, lókè odò lọ́hùn-ún tó jìnnà sí Banjul, Tobaski méjì ni mo ṣe níbẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀.

Má ra àgbò. Àgbò Tobaski, iyì baálé ni, ẹlòmíì ti ń tọ́jú owó ẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹlòmíì ń yáwó. Tí àlejò bá wá fa àgbò wọ agboolé, ó dà bíi pé o ń sọ fún bàbá yẹn pé apá ẹ̀ ò ká ilé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ owó àgbò ń gòkè ni bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, ìwọ ò sì mọ̀ ọ́n yàn, wọ́n á ta èyí tó ń ṣàìsàn fún ẹ. Ohun tó o máa rà ni súgà, ìrẹsì, òróró àti àlùbọ́sà, àlùbọ́sà tó pọ̀ o, torí bí wọ́n ṣe ń da àlùbọ́sà sọ́bẹ̀ níbẹ̀ yẹn, èèyàn á rò pé wọn ò fi owó rà á. Fi páálí attaya kéékèèké mélòó kan sí i, tíì tí wọ́n ń sè lórí èédú yẹn. Má gbé e fún bàbá, ìyàwó ilé ni kó o gbé e fún, kó o sì gbé e lọ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àbí kí ni wọ́n fẹ́ fi àlùbọ́sà ṣe nígbà tí ọbẹ̀ ti jinná?

Tó bá kan aṣọ, tó ò bá tíì gbé e fún télọ̀, o ti pẹ́. Télọ̀ ibẹ̀ kì í sùn tí Tobaski bá ti ku díẹ̀, máṣíìnì á máa ké ṣáá lóru. Wọ ìró àti bùbá tó o gbé wá láti ilé, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀ ju kó o máa ṣe bí ọmọ ibẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an, àwọn ọkùnrin á lọ kírun ní pápá, tí wọ́n bá dé ni wọ́n á pa àgbò. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á ní kó o wá jókòó sórí àga, wọ́n á fi fáànù kọjú sí ẹ. Má jókòó síbẹ̀! Lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin wà, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan, máa bó àlùbọ́sà. Wọ́n á kọ̀ ṣá, wọ́n á ní rárá rárá, ìwọ ṣáà jókòó sórí àpótí. Mo kọ́ èdè láàárọ̀ ọjọ́ kan yẹn ju oṣù mẹ́rin tí mo fi lo ìwé lọ. Nígbà tó bá yá wọ́n á pín ẹran sí mẹ́ta, ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti àwọn tí ò ní, àwọn ọmọ á máa gbé abọ́ káàkiri àdúgbò. Tí wọ́n bá gbé tìẹ fún ẹ, gbà á, má ní ó ti pọ̀ jù.

Oúnjẹ dé: àwo ńlá kan ni ẹ máa yí ká, ọwọ́ ọ̀tún. Ọdún àkọ́kọ́ mi àwa mẹ́jọ la yí àwo ká, mo rí egungun kan láàárín, egungun tó dáa, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀, mo bá na ọwọ́ mú un. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Kò sẹ́ni tó bá mi wí o, ìyá tó se oúnjẹ ṣáà rọra gba egungun náà, ó já ẹran ara ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń jù ú síwájú oníkálukú. Iwájú ẹ nìkan lo ti ń jẹ, ìyá ló ń pín ẹran. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jẹun níwájú àgbà kí n tó dé Gáḿbíà, mi ò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó kù, wọ́n máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn lọ́jọ́ yẹn. Mandinka lo máa gbọ́ jù ní Brikama ṣùgbọ́n Wolof náà ń lọ, ẹnì kan á wá bá ẹ, á ní “baal ma aq”, ìyẹn ni pé tí òun bá jẹ ẹ́ ní ẹ̀tọ́ kankan kó o fi jin òun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá àgbàlagbà kan sọ ọ́ fún mi, mo ní kí lẹ ṣe fún mi, bàbá? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Má bi wọ́n léèrè, ní o ti dárí jì wọ́n, kí ìwọ náà tọrọ tìẹ.

Kó o sì ṣẹ́ owó sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọdé á wọṣọ tuntun, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ, “salibo”, ìyẹn owó ọdún. Ṣẹ́ ẹ púpọ̀. Wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kan.


Ọ̀gbẹ́ni_ÒdeRẹ́mọ:

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n gbogbo eléyìí ti pọ̀ jù. Èmi náà ti yọ̀ǹda ara mi rí, ọdún kan gbáko ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ, nígbà tí ọdún dé mo tilẹ̀kùn, mo ra dátà, mo wo Ojúde Ọba lórí YouTube láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo jẹ indomie mi, mo sùn. Kò sẹ́ni tó kú. Iṣẹ́ la bá lọ, a ò bá àríyá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sinmi jàre.


Alhaja_Ìtòrò:

Indomie lọ́jọ́ ọdún! Ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé ìyá yín gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, èmi ò lọ ibì kankan, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, àwa la gba àlejò. Ọmọ Jámánì kan tó wá ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí wa, ilé wa ló gbé fún oṣù mẹ́wàá, Iléyá bá a níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú lára ẹ̀ ni ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo gbé omi fún un, ẹ ṣé. Mo ní kó sún kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ṣé. Ọpẹ́ yẹn pọ̀ débi tí mo fi ń rò pé ó fẹ́ kó jáde nílé wa ni. Ohun tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé lálẹ́ Iléyá tá a ń fọ ìfun àgbò, gbogbo ọmọ tí mo bí ti sá, olúwa ẹ̀ ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó jókòó tì mí, ó ń ṣe ojú bí ẹni tó fẹ́ bì ṣùgbọ́n kò dìde títí a fi parí. Láti ọjọ́ yẹn mo dẹ́kun pípè é ní òyìnbó.

Lọ́jọ́ kẹta a bá a ra aṣọ ẹgbẹ́ àbúrò mi, a wé gèlè fún un, a jọ lọ Ojúde Ọba. Ó ń ya fọ́tò, ó ń ya fọ́tò, fóònù kú. Kí ẹṣin tó dé ló kú o! Mo ní ó tán, ojú ẹ lo máa fi wo ìyókù. Nígbà tí àwọn ìdílé Balógun gun ẹṣin dé tí ìbọn ń dún, ó fò mọ́ ìyá kan tí kò mọ̀ rí, ó dì mọ́ ọn, gbogbo ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ìyá yẹn ṣì ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi títí dòní, “ọmọ mi òyìnbó dà?” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tilẹ̀kùn jẹ indomie, ta ló ń béèrè yín?

Tíṣà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀ ń sunkún Ojúde Ọba, ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣebí àwọn mùsùlùmí ayé ọjọ́un ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n kóra jọ lẹ́yìn Iléyá lọ kí Awùjalẹ̀, pé àwọn wá dúpẹ́ pé ó gba àwọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn àwọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo ariwo aṣọ àti kámẹ́rà dé. Ọpẹ́ lójúde ọba ni. Ṣé kò sí olórí ìlú ní Brikama ni? Lọ́jọ́ kẹta ẹ wé gèlè yín kẹ́ ẹ lọ kí i.


Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù:

Alhaja, ẹ̀mí yín á gùn, mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Alkalo ni wọ́n ń pe olórí ìlú níbẹ̀. Àbúrò, ẹnìkan ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ Alkalo lọ́wọ́ òfo, obì ni wọ́n ń mú lọ, gbànja, àwa ará Ṣágámù tá a ní ọjà obì ní Sábó ò ní ṣi ìyẹn mọ̀. Jẹ́ kí bàbá onílé ẹ ránṣẹ́ sílẹ̀ kó o tó lọ, kó sì fún ẹ lẹ́nì kan tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀.


Dókítà_Ìkẹ́nnẹ́:

Freetown ní Sierra Leone ni mo ti ṣe tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ rọra.

Oṣù kejì mi níbẹ̀, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ Krio ní kí n wá sí “awujoh” ní Sátidé. Mo gbọ́ àwùjọ, mo ní mítìn àdúgbò nìyẹn, ọ̀rọ̀ iná àti omi ni wọ́n fẹ́ sọ. Mo mú ìwé àti bíró lọ o. Mo débẹ̀, ìkòkò ńlá ńlá lórí iná, ẹ̀wà, àkàrà, dòdò, gbogbo ẹbí ti pé, oúnjẹ àwọn òkú ọ̀run ni wọ́n ń ṣe, sàráà gidi. Mo ti bíró bọ àpò. Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń pe àkàrà ní akara, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní olele, aṣọ ẹbí ní ashobi, tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ tuntun jáde, komojade ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wọn ni wọ́n já gbà nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì kó lọ síbẹ̀, Àjàyí Crowther gan-an ọdún 1822 ni wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sí Freetown. Aku ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ìgbà yẹn torí ẹ kú yìí, ẹ kú yẹn tá a fi ń kí ara wa. Tíṣà, àwọn Aku wà ní Banjul lọ́dọ̀ yín náà, ẹ wá wọn kàn nígbà Kérésì, ẹ máa rí fanal, àtùpà tí wọ́n fi bébà ṣe bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń gbé kiri lálẹ́.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní, orí ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ní egúngún níbẹ̀, Ojeh ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo rí i, ara mi yá gágá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó dúró ti mi pé àwa la ni ín, pé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn ò dáa tó, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé rèé. Bàbá kan wò mí, ó rọra béèrè pé ìgbà wo ni mo dé. Mo ní oṣù mẹ́ta. Ó ní ẹ káàbọ̀. Kò sọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan yín lọ́dọ̀ wọn ẹ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa ẹnu mọ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é láìbèèrè wa.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde náà dùn níbẹ̀, gbogbo ìlú á lọ sí etí òkun, ọmọdé àgbà á máa fò káìtì. Lálẹ́ tó ṣáájú 27 oṣù Kẹrin, ọjọ́ òmìnira wọn, àtùpà gàgàrà ni wọ́n ń fà kiri ìgboro. Ẹ má wọ bàtà tuntun.


Tíṣà_ÀgọÌwòyè:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Alhaja mo ti ń sọ ẹ ṣé jù, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan: àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kankurang, egúngún ibí, máa ń jáde, wọ́n ní á máa gbá àdá méjì mọ́ ara wọn, ara ẹ̀ jẹ́ èèpo igi pupa. Ṣé kí n lọ wò ó ni àbí kí n sá?


Nọ́ọ̀sì_Ṣágámù:

Sá! Nǹkan àwọn ọmọkùnrin tó ń kọlà ni, òun ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, obìnrin àti ọmọdé kì í dúró dè é. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń béèrè bẹ́ẹ̀? Tí Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn ṣé o máa ń jókòó síta láti wò ó? Èyí tó o bá rí tí àwọn obìnrin ilé ẹ ń sá, bá wọn sá, tí wọ́n bá dúró kí ìwọ náà dúró. Má yọ fóònù.


Àgbẹ̀_Ìpẹru:

Jàmáíkà ni mo ti ṣe Kérésì méjì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní sorrel. Mo tọ́ ọ wò, zobo ni, ìsápá pupa tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, mo ní ó tán, mo ti délé, mo mu ife mẹ́ta. Díákónì ni mí o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọtí wà nínú ẹ̀, ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni ara mi sọ fún mi. Ẹ máa kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ti ọmọdé ni àbí ti àgbà.

Lálẹ́ 24 oṣù Kejìlá, Grand Market ni wọ́n ń pè é, ọjà á ṣí títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ á wọ tuntun, ariwo, orin, èèyàn bí eéṣú. Kò tíì pẹ́ tẹ́ ẹ sùn ni wọ́n á tún kan ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀ṣì aago márùn-ún àárọ̀ ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ, ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi kọ́rì sè, àti ìrẹsì tí wọ́n fi òtílí àti omi àgbọn sè. Òtílí! Èyí tí àwọn ìyá wa ń sè tí àwa ọmọ ń sá fún, òun ni ọba oúnjẹ Kérésì níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu kún tèmi.

Abúlé kan wà ní Westmoreland tí wọ́n ń pè ní Abeokuta, mo rìn lọ síbẹ̀ ní àkókò ọlidé. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ẹ má yọ̀ jù, mo wá Ìjẹ̀bú-Òde títí mi ò rí, àwa kì í jẹ́ kí wọ́n mú wa.

Lórí Ojúde Ọba, tó bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílé, aago mẹ́rin òwúrọ̀ ló jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo jí wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, torí gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń kanra mọ́ àwọn tí mo wá ràn lọ́wọ́. Gáḿbíà ò burú, wákàtí kan péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Kó sì má baà yà yín lẹ́nu, ọjọ́ Iléyá gan-an lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀ láàárín ibẹ̀ àti ilé, ọ̀rọ̀ òṣùpá ni, ẹ má tíì ṣètò ọjọ́ kẹta kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dájú.


Injiníà_Ìjẹ̀búIgbó:

Ẹ kú ìjíròrò. Etiópíà ni tèmi, kékeré ni mo máa sọ. Wọ́n pè mí wá jẹ Kérésì, Genna, 7 oṣù Kínní ni wọ́n ń ṣe tiwọn, wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́tàlélógójì gbààwẹ̀ ẹran àti wàrà àti ẹyin kó tó dé, torí náà ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ yẹpẹrẹ. Wọ́n ní aago mẹ́ta. Mo sùn, mo jí, mo wẹ̀, mo dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán géérégé, inú mi dùn pé mi ò ṣe aago Nàìjíríà. Wọ́n ti dúró dè mí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀! Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago tiwọn, aago méje wa ni aago kan wọn. Kò sẹ́ni tó tíì jẹun. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Obìnrin ilé wá ya injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ó fi wé ọbẹ̀ adìyẹ, ó gbé e sún mọ́ ẹnu mi. Gursha ni wọ́n ń pè é, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń fi ọwọ́ bọ́. Mo rò pé ìyà ni, ó gùn bí apá, mo la ẹnu gbà á. Kẹ́ ẹ má kọ gursha o.


Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_ní_Fíjì:

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Ẹ̀pẹ́ ti di Èkó, Ìjẹ̀bú la ṣì jẹ́. Níbí gbòǹgbò kava lẹ ń mú lọ fún olórí abúlé kẹ́ ẹ tó wọ ibikíbi, sevusevu ni wọ́n ń pè é, bí obì Alkalo yín ni. Wọ́n á pò ó, wọ́n á bu ún sínú igbá àgbọn, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tún pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dà bí omi ẹrọ̀fọ̀ tí ètè ń kú. Ẹ má ṣe ojú.


Ọ̀gbẹ́ni_ÒdeRẹ́mọ:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì yí ohùn padà, ẹni tó bá rẹ̀ kó sùn. Ṣùgbọ́n Alhaja, ọ̀rọ̀ “ta ló ń béèrè yín” yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀.


Alhaja_Ìtòrò:

Ẹ wá sí ilé wa ní Iléyá tó ń bọ̀. Ìfun ń bẹ láti fọ̀.


Tíṣà_ÀgọÌwòyè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti lọ, mo ní kí n wá jábọ̀, ẹ má bínú pé ó pẹ́, ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò ni.

Mo gbé súgà, ìrẹsì àti àpò àlùbọ́sà kan fún ìyá ilé ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ó wo àlùbọ́sà, ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó pe aládùúgbò wá wò ó. Mo tún fẹ́ se nǹkan ilé wa kún un, mo ní kí n ṣe ìkọ́kọrẹ́, mi ò rí ewùrà rà níbì kankan, mo bá dín àkàrà. Mo gbé e dé, wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, akara, wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n kó o sínú ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ bí ohun tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀ ni! Dókítà, mo rántí ọ̀rọ̀ yín, mo pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ ọdún, wọ́n gbé àga fún mi, mo kọ̀, mo gba ọ̀bẹ. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi bó àlùbọ́sà. Ìyá bàbá onílé, àgbàlagbà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, wá dúró síwájú mi, ó ní baal ma aq. Mo ti kọ́ èsì ẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ mo rántí ìyá mi, omijé dé. Mo ní àlùbọ́sà ni. Ó ní òun mọ̀.

Àwo dé, mo jẹ iwájú mi. Egungun kan wà láàárín, Nọ́ọ̀sì, mo rí i, mo wojú ọ̀run.

Salibo fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ṣẹ́ dalasi márùn-ún márùn-ún ọgbọ̀n, mo rò pé mo gbọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín bisikíìtì, bisikíìtì tán, ọmọ kíláàsì mi kan tó ga jù mí lọ dé pẹ̀lú àwọn àbúrò ẹ̀, mo ní ìwọ náà? Ó ní tíṣà, baal ma aq.

Lọ́jọ́ kẹta mo jí, mo wé gèlè. Àwọn ọmọbìnrin ilé yọjú, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ẹ. Gèlè méjì ni mo ní, mo fi tiko, aṣọ ìwérí tiwọn, wé ti àwọn tó kù, ọ̀kan ń wọ́, ọ̀kan dúró gbọnrangandan bí ẹni pé ó ti lọ Ojúde Ọba rí, àwa méje la tò lọ sọ́dọ̀ Alkalo. Àwọn èèyàn ń béèrè lójú ọ̀nà pé ta ló ń ṣègbéyàwó. Bàbá onílé ló ṣíwájú, mo gbé obì kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá dúpẹ́ pé wọ́n gbà mí láyè ní ìlú wọn. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀. Alkalo dákẹ́ díẹ̀, ó béèrè pé ṣé wọ́n lé mi kúrò nílé ni, wọ́n ní rárá, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún wa títí, ó bu obì.

A padà délé, mo tan fóònù, Ojúde Ọba ti ń lọ lọ́wọ́. Fóònù kékeré yẹn, èèyàn mẹ́rìnlá ló yí i ká. Ẹgbẹ́ mi kọjá, mo pariwo, àwọn náà bá mi pariwo láìmọ ẹni tí wọ́n ń pariwo sí. Ẹṣin dé, bàbá onílé ní èló ni wọ́n ń ta ọ̀kan.

Ohun tí mo wá tọrọ báyìí: mo po gàrí Ìjẹ̀bú fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, omi tútù, súgà àti ẹ̀pà, àwọn ọmọ fi ẹnu kàn án, wọ́n rún ojú bí ẹni mu ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n sá. Ìyá àgbà nìkan ló jẹ tiẹ̀ tán, ó gba ti àwọn ọmọ, láti ìgbà yẹn láràárọ̀ ló ń rán ọmọ sí mi pẹ̀lú abọ́. Gàrí mi ò ju kóńgò méjì mọ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Banjul láti ilé nínú oṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sí mi ní ìnbọ́ọ̀sì, màá sanwó ẹ̀. Èyí tó kan dáadáa ni o.